Ọjọ́ Tí Bíréèkì Télọ̀ Yadi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun kẹ̀kẹ́ rí, ẹ dá mi lóhùn: tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti orí òkè, tẹ́ ẹ wá fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ dúró, kí lẹ máa ń tẹ̀?

Bíréèkì, àbí?

Télọ̀ náà tẹ bíréèkì. Ó tẹ ti ọwọ́ ọ̀tún, ó tẹ ti ọwọ́ òsì, ó tẹ méjèèjì pọ̀ títí àwọn ìka rẹ̀ fi funfun. Kẹ̀kẹ́ ní tòun ò gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú un láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá kọ́kọ́ sọ ibi tó parí sí fún yín, ẹ ó pè mí ní òpùrọ́.

Yàrá kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Yàrá iwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ó kọjú sí títì, ó ní fèrèsé gbàgàdà kan tí oòrùn ń gbà wọlé láti àárọ̀. Àwọn méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Télọ̀ wà lápá ọ̀tún pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Onígbàjámọ̀ wà lápá òsì pẹ̀lú àga rẹ̀ tó ń yí po. Kọ́tìnnì kan ló là wọ́n láàárín, kọ́tìnnì ọ̀hún ò sì balẹ̀.

Àna ni wọ́n síra wọn. Àbúrò ìyàwó Télọ̀ ni Onígbàjámọ̀. Nítorí náà, wọn ò lè bú ara wọn bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń bú ara wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ẹ̀rọ yín kó dákẹ́. Orí oníbàárà mi ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi."

"Àna mi àtàtà, ìwọ náà bá mi bẹ irun rẹ kó yéé ṣe àlejò lọ́dọ̀ mi."

Ọ̀rọ̀ irun yìí ló burú jù. Bí Onígbàjámọ̀ bá ti gé e bọ́ sílẹ̀ báyìí, fáànù á gbé e, fìrìrì, ó gba abẹ́ kọ́tìnnì, ó di orí aṣọ. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó tuntun kan wá gba aṣọ funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó gbé e sókè, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn.

Ó ní, "Télọ̀, ṣé aṣọ mi ń hu irùngbọ̀n ni?"

Ẹ̀rín ń pa mí!

Télọ̀ ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fi ìka ṣa irun títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Ìyá Onílé lókè. Onígbàjámọ̀ náà ti lọ ṣáájú rẹ̀. Ìyá Onílé gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ó ní kò sí ohun tó le níbẹ̀: kí ọ̀kan dúró síwájú, kí èkejì kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Yàrá ẹ̀yìn! Yàrá tí kò ní fèrèsé kan ṣoṣo! Tó o bá na ọwọ́ jáde níbẹ̀, o ò ní mọ̀ bóyá ó padà wá. Onígbàjámọ̀ dán ibẹ̀ wò, ó gé irun Káfíńtà aládùúgbò wọn, díẹ̀ ló kù kó gé etí rẹ̀ mọ́ ọn. Télọ̀ náà dán an wò. Ó rán ọwọ́ aṣọ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò, ó sì ń bá oníṣòkòtò jiyàn pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́.

Ojú Télọ̀ kì í ṣe ojú ọmọdé mọ́. Láìsí oòrùn, kò lè rí ihò abẹ́rẹ́. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tí òun bá ti kó wọ yàrá ẹ̀yìn ni iṣẹ́ òun ti tán. Onígbàjámọ̀ náà mọ̀ pé ẹni tí wọn ò bá rí láti títì, kò sẹ́ni tí yóò wá gbé orí fún un.

Ni kálukú bá kọ̀ jálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún yín nípa Ìyá Onílé yìí. Arúgbó náà kò fẹ́ ariwo. Ohunkóhun tó bá ti ké nínú ilé yẹn, àfi kó pa á lẹ́nu mọ́. Ọmọ ké, ó ki búrẹ́dì sí i lẹ́nu. Ajá ké, ó sọ egungun sí i. Ilẹ̀kùn ní tirẹ̀ kì í tilẹ̀ ké níbẹ̀ rárá. O lè jókòó kó o kàn rí èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, tí yóò máa wò ọ́ bó o ṣe ń jẹun. Gèlè rẹ̀ sì ni àpótí ẹrù rẹ̀. Ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ wà, ibẹ̀ ni ìyẹ́ dúdú gígùn kan wà tó máa ń yọ ṣóńṣó sókè, bí ẹni pé gèlè náà fẹ́ fò lọ.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sórí kẹ̀kẹ́.

Àwọn àna méjèèjì ló ní kẹ̀kẹ́. Ti Onígbàjámọ̀, kẹ̀kẹ́ gidi ni. Sípíríǹgì wà níwájú, sípíríǹgì wà lẹ́yìn. Tó bá gùn ún, ńṣe ló ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nílẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tuntun.

Ti Télọ̀, kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú ni. Lóòótọ́, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń sáré lórí òkè ni. Wọ́n tilẹ̀ ya òkè sí i lára, wọ́n ya mànàmáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Àmọ́ iwájú nìkan ni sípíríǹgì rẹ̀ wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan paali bí igi àjà. Iwájú ń jó, ẹ̀yìn ń lu èèyàn.

Télọ̀ máa ń sọ pé, "Ọ̀lẹ ló ń lo sípíríǹgì méjì. Ìdí ọkùnrin ni sípíríǹgì ẹ̀yìn."

Bíréèkì kẹ̀kẹ́ yìí wá ni baba. Rọ́bà méjì níwájú, rọ́bà méjì lẹ́yìn, tí wọ́n ń fún irin táyà mọ́ra kó lè dúró. Wọ́n ń fún un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ náà kì í fara mọ́ ọn láìké.

Wíííííííín!

Eyín á dun ẹni tó wà lódìkejì títì. Ọmọ tó ń sùn á jí, àgbà tó jí á dìde dúró.

"Ta ló ń pa ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀ yẹn?" Ìyá Onílé ti yọ orí lójú fèrèsé òkè nìyẹn, oorun ọ̀sán rẹ̀ ti dà nù.

"Èmi ni, Màmá. Mo ti dé."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹjọ́ yàrá di ẹjọ́ kẹ̀kẹ́. Télọ̀ ní tí òun àti Onígbàjámọ̀ bá jọ sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Táǹkì, eruku òun ni yóò máa jẹ bọ̀. Onígbàjámọ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, kẹ́ ẹ tó dé ìdajì ọ̀nà, màá ti délé, màá ti gé irun èèyàn kan, màá ti bẹ̀rẹ̀ ti ẹnì kejì."

Ìyá Onílé yọ orí.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹnu yín ti sú mi. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín, ẹ gun òkè lọ, kẹ́ ẹ sì sáré sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ yàrá iwájú, òun ló ni ín. Ẹnì kejì, ẹ̀yìn ló ń lọ. Mi ò sì fẹ́ gbọ́ 'Màmá, ẹ jọ̀ọ́.'"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní mi ò fẹ́ gbọ́ ọ!"

Ó pa fèrèsé dé. Kò tilẹ̀ dún.

Òkè Táǹkì tí wọ́n ń sọ yìí, kì í ṣe òkè eré. Òkè rẹ̀ téńté ni táǹkì omi àdúgbò wà. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ọ̀nà ibẹ̀, ó yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, ó wá já gbọnrangandan síwájú ilé náà. Ewúrẹ́ tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ á kọ́kọ́ dúró, á ronú.

Ìyàwó Télọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ká lára jù. Ọ̀kan ń bá a gbélé, ọ̀kan bá a mu ọmú kan náà.

Káfíńtà bi í pé, "Ta ni ìwọ máa pàtẹ́wọ́ fún?"

Ó ní, "Màá fi ọwọ́ ọ̀tún pàtẹ́wọ́ fún ọkọ mi, màá fi tòsì pàtẹ́wọ́ fún àbúrò mi."

"Ìyẹn máa dún?"

"Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ nìyẹn."

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Télọ̀ ti aṣọ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rán aṣọ eré fún ara rẹ̀. Aṣọ pupa, ó fún mọ́ ọn lára bí awọ. Nítorí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tí kò ní sípíríǹgì, ó kó gbogbo fóòmù èjìká kóòtù tó wà nílé, ó rán wọn mọ́ ìdí ṣòkòtò, ìpele lórí ìpele. Nígbà tó wọ̀ ọ́ tán, tó jókòó, kò kan àga. Ó ń fì lókè.

"Olówó orí mi," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ṣé ìwọ lo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ni àbí ìdí rẹ?"

Télọ̀ ti kẹ̀kẹ́ sí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì tẹ bíréèkì wò lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ sinmi.

Wíííííííín!

"Ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ò tíì kú síbẹ̀?" ni Ìyá Onílé wí láti òkè.

Ilẹ̀ mọ́, ó di Sátidé. Télọ̀ fa kẹ̀kẹ́ jáde, ó de akoto mọ́rí. Ìyàwó rẹ̀ tẹ bíréèkì fún un.

Ó dákẹ́ lọ gbári.

"Gbọ́ ná, bíréèkì rẹ ò ké mọ́ o."

Inú Télọ̀ dùn. "Ó ti mọ ọwọ́ mi ni! Ṣé bàtà tuntun kì í ké ni? Tó bá ti mọ ẹsẹ̀ ẹni, ó dákẹ́ nìyẹn."

"Bàtà kì í sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè."

"Ẹ̀rù ló ń bà ọ́ fún àbúrò rẹ."

Ni wọ́n bá ti kẹ̀kẹ́ gun òkè lọ, Télọ̀ níwájú, Onígbàjámọ̀ lẹ́yìn, Káfíńtà tí yóò tú wọn sílẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú pákó méjì lábẹ́ apá. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè kò ní ohun tó fẹ́ fi bíréèkì ṣe. Kò sẹ́ni tó tún tẹ̀ ẹ́.

Lókè téńté, àwọn àna méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, yàrá ẹ̀yìn náà tutù dáadáa lásìkò ooru."

"Àna mi, mo ti bá ọ ra àbẹ́là."

Káfíńtà na pákó méjèèjì sókè.

Gbà!

Onígbàjámọ̀ yọ bí ọfà. Fììì! Sípíríǹgì iwájú wọlẹ̀, sípíríǹgì ẹ̀yìn wọlẹ̀, ó ń lọ bí omi. Télọ̀ tẹ̀ lé e. Gbì! Gbì! Gbì! Òkúta ń sọ̀rọ̀, ìdí Télọ̀ ń dáhùn. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, kẹ-kẹ-kẹ-kẹ-kẹ. Ojú rẹ̀ ń rí òkè méjì-méjì. Fóòmù náà ń sa gbogbo ipá rẹ̀, ṣùgbọ́n fóòmù èjìká ni, kò rí irú èyí rí.

Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti kọ́kọ́ yí. Onígbàjámọ̀ tẹ bíréèkì díẹ̀, ó yí wẹ́rẹ́. Télọ̀ náà tẹ bíréèkì.

Kò sí nǹkan kan.

Ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Kò sí nǹkan kan.

Ó fún un bí ẹni fún aṣọ tútù.

Kẹ̀kẹ́ ò dáhùn. Kò ké. Kò tilẹ̀ kérora. Ńṣe ló tún yára sí i, bí ẹni pé wọ́n gbóríyìn fún un.

Onígbàjámọ̀ gbọ́ vùùù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ó wẹ̀yìn. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bọ̀ tẹnu-tẹnu, ẹnu ọ̀hún sì ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣe bí ayọ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o!"

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?" Télọ̀ ti kọjá kó tó sọ ọ́ tán.

Ibi kejì tí ọ̀nà ti yí, Télọ̀ ò yí. Ọ̀nà ló yí. Télọ̀ gba inú koríko, ó tún padà já sójú ọ̀nà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì wá já gaara sí àárín adìẹ Káfíńtà. Àwọn adìẹ ń jẹ̀ lọ ní tiwọn. Kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n ti di ẹyẹ. Pàpàpàpàpà! Ìyẹ́ funfun gba ojú ọ̀run bí ìgbà tí ìrọ̀rí bẹ́.

Ajá kan wà níbẹ̀ tó máa ń lé gbogbo kẹ̀kẹ́. Ó fò jáde, "Gbó! Gbó!" Ó rí ohun tó ń bọ̀. Ó yíjú padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá níwájú.

Télọ̀ kọjá ajá.

Ẹ gbà mí, ìhà ń dùn mí!

Ní ẹ̀gbẹ́ ilé, Ìyá Onílé sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sórí okùn, èyí tó ní òdòdó pupa ràkàtà-ràkàtà lára, èyí tó fẹ́ràn jù. Télọ̀ wọ inú rẹ̀ lọ wìì. Nígbà tó jáde lódìkejì, kò sí Télọ̀ mọ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló ń gun kẹ̀kẹ́.

"Iwin o!" ni ẹnì kan ké. "Iwin olódòdó!"

Iwin náà ń ké padà pé, "Ẹ yà o! Ẹ yà fún mi! Mi ò ríran!"

Gbàgà!

Táyà iwájú kọ lu àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ dúró. Ó dúró wàyí! Télọ̀ ò dúró. Ó gbéra lórí kẹ̀kẹ́ tòun taṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó gba fèrèsé gbàgàdà wọlé, ó já lé òkìtì aṣọ tirẹ̀, fóòmù ìdí rẹ̀ sì ta á padà sókè, bòìn! Ó fò rékọjá kọ́tìnnì, ó sì jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sórí àga Onígbàjámọ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì bò ó láti ọrùn dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n gé irun òun. Àga náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó yí, ó yí, ó yí, kò fẹ́ dúró.

Bàbá Tíṣà wà níbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá gé irun láti àárọ̀. Oorun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Ó la ojú kan, ó wo Télọ̀ bó ṣe ń yí lọ, tó ń yí bọ̀.

Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ìlà wà o. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé."

Kò pẹ́, gbogbo àdúgbò ti kún ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó Télọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé.

"Ṣé o ṣì wà?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ni Télọ̀ fọhùn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì dì mọ́ afẹ́fẹ́, ó ṣì ń tẹ bíréèkì. "Ṣé mo ti dúró?"

"O ti dúró, ọkọ mi. Tú ìka rẹ."

Ìgbà náà ni Onígbàjámọ̀ dé, kò sí ìfọ́ kan lára rẹ̀, eruku Télọ̀ nìkan ló jẹ. Télọ̀ rí i, ara rẹ̀ yá.

"Ta ló kọ́kọ́ wọ yàrá iwájú? Ẹ bá mi bi í!"

"Ẹ̀gbọ́n, ojú fèrèsé lẹ gbà!"

"Ṣé Màmá ní ká má gba fèrèsé?"

Káfíńtà sáré dé láti orí òkè, ó gbé kẹ̀kẹ́ Télọ̀ wọlé. Irin táyà iwájú ti ká bí ẹja yíyan. Káfíńtà fi ìka ra rọ́bà bíréèkì, ó wo ìka náà, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Òróró!"

Gbogbo ilé sún mọ́ ọn. Rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dán bí ètè ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹran sísun tán.

Télọ̀ dìde lórí àga, ojú ṣì ń yí i, ó na ìka sí Bàbá Tíṣà, ó tún un nà, ó wá bá Onígbàjámọ̀.

"Àna mi! Nítorí fèrèsé, o fẹ́ sọ ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin di opó?"

"Èmi? Ẹ̀yin lẹ fi òróró sí i kẹ́ ẹ lè yára jù mí lọ! Ta ni ò mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ tí kò bá lè dúró ló ń sáré jù?"

"Ṣé èmi á tọ́jú ọ̀nà tí màá fi fò gba fèrèsé?"

"Ẹ ò ṣáà fò ó gba? Ẹ ò sì wọlé? Ẹ sì rán fóòmù mọ́dìí! Ta ló ń rán fóòmù mọ́dìí tí kò bá mọ ibi tó máa já sí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn èèyàn lára. Wọ́n wo ìdí Télọ̀, wọ́n mi orí. Télọ̀ rí yàrá ẹ̀yìn tó ń la ẹnu bọ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Onígbàjámọ̀ náà wò ó.

"Ẹ má wo ojú mi o," ni obìnrin náà wí. "Bí mo bá fẹ́ pa ẹnì kan nínú yín, ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ni mo wà lójoojúmọ́."

Bàbá Tíṣà ní, "Ṣé ẹ ṣì máa gé irun lónìí?"

Wọn ò tíì dá a lóhùn tí wọ́n fi rí Ìyá Onílé láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìgbà tó ṣílẹ̀kùn. Ó rí aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́rùn Télọ̀, òdòdó pupa ti di òdòdó eruku.

"Ye! Aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi! Ta ló ṣe èyí?"

"Màmá, òróró ni," ni Káfíńtà wí. "Ẹnì kan fi òróró sí bíréèkì kẹ̀kẹ́ yìí."

Inú bí arúgbó náà débi pé ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀.

"Ó dáa. Ẹ la etí yín. Ẹni tó bá fi òróró sí bíréèkì, yàrá tó ní fèrèsé kò tọ́ sí i. Ibi yòówù kó máa lò nínú ilé yìí, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lónìí olónìí, yàrá ẹ̀yìn ni yóò máa gbé. Télọ̀, bí kì í bá ṣe ìwọ, yàrá iwájú di tìẹ. Onígbàjámọ̀, bí kì í bá ṣe ìwọ, ibi tí ìkà yẹn bá fi sílẹ̀ di tìẹ."

Onígbàjámọ̀ ní, "Màmá, ṣé ẹ ò ní yí i padà?"

"Èmi? Ṣé mo yí ọ̀rọ̀ padà rí? Bó jẹ́ ọmọ tí mo bí, ẹ̀yìn ló ń lọ! Bó jẹ́ ìyá tó bí mi, ẹ̀yìn ló ń lọ!"

"Gbogbo wa ti gbọ́," ni Káfíńtà wí. Ó tún tẹ orí ba kẹ̀kẹ́. Ohun kan há sábẹ́ rọ́bà bíréèkì ẹ̀yìn. Ó fà á, kò fẹ́ wá. Ó fà á dáadáa, ó já bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ìyẹ́ ni. Gígùn. Òróró ń kán tótó lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyẹ́ adìẹ nìyẹn," ni Ìyá Onílé yára wí. "Ṣebí àárín adìẹ ló gbà kọjá?"

"Màmá, adìẹ tèmi, funfun ni gbogbo wọn."

Ìyẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúdú kirikiri.

Ìyàwó Télọ̀ ló kọ́kọ́ gbójú sókè. Lẹ́yìn náà, Káfíńtà. Lẹ́yìn náà, gbogbo ilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ẹyẹ ń kọjá lórí wọn. Gèlè ni wọ́n ń wò. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Ibi tí nǹkan kan ti máa ń yọ ṣóńṣó sókè, ihò kékeré kan ló kù. Ìyẹ́ tó máa ń wà níbẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ta òróró sí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé náà ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, kí ohunkóhun má bàa ké. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí Télọ̀ ti kẹ̀kẹ́ sí ni ẹni tó ń ta á sì máa ń gbà kọjá.

Arúgbó náà gbé ọwọ́ sí gèlè. Ó wá ìyẹ́ síhìn-ín, ó wá a sọ́hùn-ún. Ó rọra gbé ọwọ́ sílẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ti yọ sójú fèrèsé ní tirẹ̀. Ó ń wo pálọ̀ Ìyá Onílé lókè, pálọ̀ tó ní fèrèsé gbàgàdà méjì tó kọjú sí títì, ó sì ń fi apá wọn ibi tí àga òun máa wà.

Bàbá Tíṣà wo ojú gbogbo wọn, ó ní, "Ó jọ pé ó ti yé kálukú yín. Ẹ ṣàánú, ẹ sọ fún èmi náà, ká lè gé irun. Ta ló fi òróró sí bíréèkì?"

Télọ̀ padà jókòó sórí àga Onígbàjámọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ díẹ̀. Àga náà yí, jẹ́jẹ́, kò ké rárá, ó kọjá Káfíńtà, ó kọjá ìyàwó rẹ̀, ó kọjá Onígbàjámọ̀, ó wá dúró.

"Ìyá Onílé ni!"